Èmi Ni Mo Dín Ọ̀nà Náà Kù, Ọpọlọ Ẹ̀gbọ́n Délé Ni Wọ́n Ń Dá Lẹ́bi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. N kò mọ ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbé nǹkan kan sínú. N kò sọ fún ọkọ mi, n kò sọ fún ìyá mi, n kò sì lè sọ ọ́ tán nínú àdúrà pàápàá. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, màá sì yí i sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n ti ní kí n wá síwájú dókítà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí n wá jẹ́rìí pé ẹnì kan ti ń gbàgbé nǹkan. Èmi sì mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹni náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ẹ ṣì máa bú mi, mo mọ̀.

Ẹnjiníà ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ọkọ̀ òkun kí wọ́n tó kàn án. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn ní Yábàá, wọ́n á ní ṣé irú èyí táwọn apẹja Ìwáyà ń gùn ni. Rárá o. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ni, tí ènìyàn á dúró nísàlẹ̀ wọn tí ọrùn á máa dùn ún.

Ilé-iṣẹ́ wa kò tóbi. Òkè ilé kan la wà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan gbé iṣẹ́ wá fún wa pé ká ya irú ọkọ̀ tuntun kan fún àwọn, inú wa dùn débi pé ọ̀gá wa ra súyà fún gbogbo ọ́fíìsì. Ọkọ̀ tó ń kó àlìkámà, ajílẹ̀ àti irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kì í dì í sápò. Ńṣe ni wọ́n máa ń dà á sínú ikùn ọkọ̀ bí ẹni da gàrí sínú báfù.

Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fẹ́, àwòrán kan náà ni wọ́n sì máa fi kan gbogbo wọn lókè òkun. Bí aránṣọ ṣe ń fi bébà kan gé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni iṣẹ́ náà rí. Tí bébà yẹn bá wọ́ níbì kan, gbogbo akọrin ló máa wọ aṣọ wíwọ́.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà. Òkè òkun ni mo ti kàwé, mo sì fẹ́ràn kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níwájú àwọn oníṣòwò yẹn, mo la ẹnu mi gbàràgàdà, mo ṣèlérí iye ẹrù tí ọkọ̀ náà máa gbà. Kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì pa á.

Ẹni tó ń ya àwòrán pẹ̀lú mi ni màá pè ní Ẹ̀gbọ́n Délé. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Sùúrùlérè ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ náà. Àbúrò ló máa ń pè mí, kò sì fìgbà kan jowú pé àbúrò yìí ni ọ̀gá òun. Ọkùnrin náà kì í gbàgbé nǹkan. Ó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo wa, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa bí, ó mọ èyí tó ń ṣe ìdánwò nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tóóró kan máa ń wà tí àwọn atukọ̀ ń gun àkàsọ̀ gbà láti ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ bọ́ sókè. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e gbà, pàápàá nígbà tí ìjì ò bá jẹ́ kí wọ́n lè ṣí ìdérí ńlá tó wà lókè. Àwọn oníṣòwò náà ní àwọn fẹ́ kí ọ̀nà yẹn gba ènìyàn tí wọ́n bá so mọ́ àkéte tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n Délé ló yà á. Ó yà á, ó sì fẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, ọkọ̀ náà kò gba iye ẹrù tí mo fọ́nnu sí. Mo gé níhìn-ín, mo gé lọ́hùn-ún, ó ṣì ku díẹ̀. Ọ̀nà yìí ló wá kù. Ikùn tí ọkọ̀ náà ní pọ̀, ọ̀nà yìí sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí mo bá dín in kù níbi gbogbo, ẹrù tó kù á rí àyè.

Lọ́jọ́ náà, kò síná, jẹnẹrétọ̀ wa sì ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nítorí pé òun ló wà lórí bátìrì. Ẹ̀gbọ́n ò sí níbẹ̀, ó ti lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Mo jókòó sí ààyè rẹ̀, mo ṣí àwòrán rẹ̀, mo dín ọ̀nà náà kù, mo sì fi í pamọ́. Nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àtúnṣe náà.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ṣe é láti fi pa á lára nígbà yẹn. Mo ní tó bá dé, màá sọ fún un. Ó dé, ó mú mọ́ín-mọ́ín ìsìnkú bọ̀ fún mi, ó ní òun mọ̀ pé mi ò tíì jẹun. Mo jẹ mọ́ín-mọ́ín náà, n kò sì sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò ní gbà ni. Ó máa bi mí pé ẹni tó bá sanra wá ńkọ́.

Àṣà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Kí wọ́n tó gé irin rárá, a máa ń fi pákó kan ibi tó bá ṣòro nínú ọkọ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Muṣin la ti kan ti ọ̀nà yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Àwọn ará àdúgbò ń bi ara wọn léèrè irú ilé ìyàgbẹ́ tí èyí jẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn oníṣòwò wá wò ó, èmi nìkan lọ dán an wò. Mo bẹ mẹkáníìkì kan tó sanra, a so ó mọ́ àkéte, àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà gbé e. Ó há. Èjìká rẹ̀ kò kọjá.

"Màdáámù, ẹ tètè yọ mí o," ni mẹkáníìkì náà wí. "Èmi ò fẹ́ kú sínú wọ́dúróòbù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n padà sí ọ́fíìsì kí n fẹ àwòrán náà padà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí káfíńtà sún pákó ẹ̀gbẹ́ kan síta.

Ó bi mí pé, "Ṣé bébà tí ẹ fún mi ò dáa ni?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà sún un, bàbá. Mo máa tún bébà ṣe tó bá yá."

Ó sún un, ó kàn án mọ́lẹ̀. A tún gbé mẹkáníìkì náà gbà á, ó kọjá. Mo ra nǹkan mímu fún wọn, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí àwọn oníṣòwò dé lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n Délé ní òun lòun máa sùn sórí àkéte. Ó ní, "Èmi ni mo yà á, èmi ni kí ẹ fi dán an wò." Ó sì tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin gíga tó fẹ̀ láyà ni. Wọ́n so ó, wọ́n gbé e gba inú pákó náà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Láti inú ibẹ̀ ló ti na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè sí wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò ọ̀nà náà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣeré fún wọn pé bí wọ́n bá tún fẹ́ gbé òun, òun ò kọ̀.

N kò tún àwòrán náà ṣe. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ náà, àwọn tó fẹ́ kan ọkọ̀ ní àwọn ń dúró de àwòrán, mo sì fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Mo sọ fún ara mi pé ta ló máa ṣubú. Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ omi, fọ́tò mi ni wọ́n gbé sójú ewé ìwé ìròyìn. Mo ra aṣọ tuntun fún fọ́tò yẹn.

Ẹnì kan ṣubú.

Mautin lorúkọ tí màá pè é, ọmọ Ìwáyà ni, atukọ̀ sì ni nínú ọkọ̀ náà. Ó já láti orí àkàsọ̀, itan rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Ìjì ń jà lórí òkun lọ́jọ́ náà, wọn ò lè ṣí ìdérí ńlá. Wọ́n so ó mọ́ àkéte, wọ́n gbé e dé ọ̀nà yẹn, ó há. Wọ́n ní láti tú u kúrò lórí àkéte, kí wọ́n sì fi okùn fà á gòkè pẹ̀lú egungun kíkán. Ẹni tó sọ ọ́ fún wa kò lè ròyìn igbe rẹ̀ tán.

Mo dúpẹ́ pé kò kú. Ó ti ń rìn báyìí, àmọ́ ó ń tiro, kò sì lè lọ sórí òkun mọ́. Wọ́n ti gé irin inú ọkọ̀ náà, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti tún àwọn yòókù ṣe kí wọ́n tó kàn wọ́n tán. Irin ṣeé tún ṣe.

Àwọn oníṣòwò wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n gbé fọ́tò pákó kalẹ̀, wọ́n gbé àwòrán kalẹ̀. Èyí fẹ̀, èyí kò fẹ̀. Ọ̀gá wa pe Ẹ̀gbọ́n Délé.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo yà á fẹ̀. Mo sùn nínú rẹ̀. Gbogbo yín wà níbẹ̀."

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ yín nìyí. Kọ̀ǹpútà yín nìyí."

Ó wò ó, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ìwọ rántí? Ṣé mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí mo yà á tán?"

Ẹ jọ̀ọ́, àyè wà níbẹ̀ fún mi láti sọ̀rọ̀. Mo ronú kan iṣẹ́ mi, mo ronú kan fọ́tò tó wà lójú ewé, mo ronú kan ohun tí ìyá mi máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹ ṣe é tán lẹ gbàgbé."

Kò bá mi jiyàn. Ìyẹn ló burú jù. Ká ní ó bínú ni, ká ní ó pariwo, bóyá màá sọ òótọ́. Ńṣe ló jókòó, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó tó lọ, ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó ní òun bẹ̀ mí, pé òun ti ba orúkọ jẹ́ fún mi lórí iṣẹ́ tó jẹ́ ògo mi. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Mo sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ o. Mo ní mo ti dárí jì í.

Ó tún ní kí n bá òun lọ sí Ìwáyà, òun fẹ́ bẹ ìyá Mautin. Èmi ni mo wa mọ́tò lọ. Mo dúró sínú mọ́tò, mò ń ṣe bí ẹni ń wo fóònù, àmọ́ mò ń rí i. Obìnrin náà wà nídìí ẹja tó ń yan. Ẹ̀gbọ́n Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti aṣọ funfun rẹ̀. Obìnrin náà fà á dìde, ó ń sunkún. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n padà sínú mọ́tò, ẹrẹ̀ wà láyà aṣọ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, òun máa dọ̀tí ìjókòó mi.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti fọkàn tán orí ara rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó lè sùn sínú nǹkan, kó sì padà lọ ba nǹkan náà jẹ́ láìrántí, kí ni kò ní gbàgbé. Ó fi Bíbélì kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní òun lè ṣi ẹsẹ kà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún ọmọ rẹ̀. Tó bá pa gáàsì, á padà lọ wò ó, á tún padà. Kò gbà kí wọ́n fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òun nìkan mọ́. Ó ní kí òun má lọ gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ síbì kan.

Ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní Yétúndé, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ bá Dádì ṣiṣẹ́ jù. Ṣé ó ti ń gbàgbé nǹkan tipẹ́ ni, àbí wàhálà ọkọ̀ yẹn ló dá a sílẹ̀?"

Tí mo bá ní kò gbàgbé nǹkan rí, ó máa bi mí pé ta ló wá yí àwòrán padà. Mo ní, "Yétúndé, ó ti wà lára wọn díẹ̀díẹ̀. A kàn ń bò wọ́n ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi tí mo fi bo bàbá òun láṣìírí. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi, èyí tí mo ṣẹ̀ lórí fóònù yẹn ni mi ò rí àwáwí fún. Ti ìṣáájú, mo lè sọ pé ẹ̀rù bà mí níwájú àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ yìí, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá mi.

Yétúndé ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan nítòsí Ìdí-Àràbà, ó sì mú bàbá rẹ̀ lọ rí dókítà níbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Àmọ́ dókítà ní irú àìsàn yìí kì í tètè hàn, pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ́ kí àwọn mọ ibi tó dé. Tó bá rí bí wọ́n ṣe rò, wọ́n máa fún un lóògùn tó máa lò títí ayé. Yétúndé á ti ilé Sùúrùlérè pa, á sì kó o sọ́dọ̀ ara rẹ̀, níbi tí wọ́n á ti máa ṣọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ti rù. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá wáṣẹ́. Ó bi mí léèrè ìyá mi, ó bi mí léèrè ọmọ mi kejì, ó ní ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Ikọ́ tí ọmọ náà wú lọ́dún tó kọjá, èmi gan-an ti gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá. Ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́ bá wa lọ bá dókítà náà ní Ọjọ́bọ̀. Gbogbo nǹkan tí o rí tí mo gbàgbé, sọ ọ́ fún wọn. Má wo ojú mi. Mo mọ̀ pé o nífẹ̀ẹ́ mi, o lè fẹ́ bò mí. Má bò mí mọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Bó ṣe ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Mo ṣì ń rí i lójú mi bí mo ṣe yà á fẹ̀. Mò ń rí i kedere. Àṣé bí orí ṣe ń tan èèyàn nìyẹn."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo dúró lójú fèrèsé títí tó fi rí márúwá wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á dé ibí, n kò ní kí ẹ ṣàánú mi. Mo mọ̀ pé mo lè pàdánù iṣẹ́, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Màá lọ sí Ìwáyà náà, lọ́tẹ̀ yìí n kò ní jókòó sínú mọ́tò. Mo ti pinnu pé Ọjọ́bọ̀ kò ní kọjá lórí irọ́. Bóyá ẹsẹ̀ mi máa gbé mi dé ibẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Tí mo bá sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe orí rẹ̀, inú rẹ̀ máa kọ́kọ́ dùn. Mo mọ ojú rẹ̀, á yọ̀ bí ọmọdé, ó tiẹ̀ lè dì mọ́ mi. Kí ó tó wá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, àkókò díẹ̀ máa wà tó ṣì máa fi fẹ́ràn mi. Mo ti ń jí ìfẹ́ rẹ̀ jẹ láti ọdún méjì, n kò fẹ́ jí èyí náà jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ: pé orí yín pé, Ẹ̀gbọ́n, àbí pé èmi ni?